Àgbélébùú: Ìtumọ̀ àti Orírun Ọ̀rọ̀ Kan

Ẹni tó bá gbọ́ "àgbélébùú" lónìí, ikú Jésù ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Síbẹ̀, bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kò sí ikú nínú rẹ̀, kò sì sí ìṣó. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi kún "gbé lé ìbú": ohun tí a gbé lé ìbú, èyí tó yàtọ̀ sí ohun tí a nà ró lóòró. Ìlànà kan náà ló bí "àgbékọ́". Nígbà tí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ "ìbú" di pípajẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó bọ́ sórí sílébù tó tẹ̀ lé e, ó sì fà á gùn, bó ti rí nínú "dábùú", tó wá láti ara "dá ìbú". Ẹni tó kà á láìsí àmì ohùn lè rò pé "ibú" inú omi ni, ṣùgbọ́n "ibú" kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tí yóò ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Májẹ̀mú Titun lò, stauros, gba ọ̀nà mìíràn wá. Lọ́dọ̀ Homer, òpó ọgbà tí a rì mọ́lẹ̀ lóòró ni. Nígbà tó yá, wọ́n fi pe ohun èlò ìpànìyàn àwọn ará Róòmù, tí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo: Seneca, nínú ìwé ìtùnú tó kọ sí Marcia, ní òun rí onírúurú rẹ̀. Èdè Látìn ya crux sọ́tọ̀ sí patibulum, igi ìdábùú. Nínú eré Plautus kan, patibulum ni ẹni tí a dá lẹ́bi yóò gbé la ìlú kọjá kí a tó kàn án mọ́ crux.

Patibulum yìí gan-an ni ìhun "àgbélébùú" bá mu jù. Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tó kọ́ Gíríìkì, ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ tó di odindi Bíbélì Yorùbá ní 1884. Nígbà tí Mátíù 16:24 ní kí ọmọ-ẹ̀yìn "gbé" àgbélébùú rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọ̀rọ̀-orúkọ náà ló tún jáde síta. Lójú tèmi, àwòrán náà ṣe kedere ju ti Gíríìkì lọ. Òòró ni ọ̀rọ̀ náà kò gbé yọ. "Igi" inú Gálátíà 3:13, tó tọ́ka sí Deutarónómì 21, kò sọ ti òòró tàbí ìbú rárá.

Kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè nìkan nìyí. Bíbélì Yorùbá ti àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ "àgbélébùú" sílẹ̀, ó sì mú "òpó igi oró". "Òpó" bá stauros ti ayé Homer mu dáadáa. Ṣùgbọ́n orírun ọ̀rọ̀ kò tó láti fi dájọ́ ìlò rẹ̀ ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní. Lẹ́tà Bánábà, ọ̀kan lára ìwé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, ti fi igi náà wé lẹ́tà T. Bákan náà ni ẹni tó bá fẹ́ fi ìbú inú "àgbélébùú" jẹ́rìí sí bí igi náà ṣe rí ń ka èrò olùtumọ̀ sí ẹ̀rí ojúkojú. Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà: "òpó igi oró" fi ìrora sínú orúkọ, nígbà tí "àgbélébùú" fi í sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe "kàn mọ́".