Láti Orí Àbẹ́là Dé Orí Kámẹ́rà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wo Inú Ìfun

Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, kí là ń wí? "Jẹ̀díjẹ̀dí ni! Ó jẹ ṣúgà jù." Ó di àgbo. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Àmọ́ ta ló wo inú ìfun náà?

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń wá bí wọ́n ṣe máa wò ó. Lọ́dún 1806, Philipp Bozzini, dókítà kan ní Frankfurt ní Jámánì, tan àbẹ́là sínú àtùpà kékeré kan, ó fi dígí darí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba inú ọ̀pá wọ ara èèyàn. Ọ̀pá tó tẹ̀ lé ìyẹn le gbagidi, bẹ́ẹ̀ ìfun ńlá lọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Kò lè lọ jìnnà. Lọ́dún 1957, ní Amẹ́ríkà, Basil Hirschowitz lo ọ̀pá rírọ̀ tí fọ́nrán gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun wà nínú rẹ̀ láti wo ikùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e mì! Nígbà tó di 1969, ní New York, Hiromi Shinya àti William Wolff ti ń fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wo ìfun ńlá. Shinya tún ki wáyà gba inú rẹ̀, ó fi gé ẹran kékeré tó hù sára ìfun, láì la ikùn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó tètè gé e ti fa èpò kó tó so.

Lónìí, kámẹ́rà ló wà lórí ọ̀pá náà. Ẹ ó mu oògùn tó ń fọ ìfun títí ìgbẹ́ yóò fi dà bí omi. Wọ́n sábà máa ń gún yín lábẹ́rẹ́ oorun, ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, dókítà yóò sì ti ọ̀pá náà gba ìdí wọlé, á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Inú lè wú díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Ìfun lè ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kó lu, àmọ́ kò wọ́pọ̀.

Ẹ má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Wọ́n ń rí i ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ yíyà bá yí padà, tí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ sọ fún dókítà. Ìdí kì í ṣe ohun ìtìjú níwájú nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká yé méfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.