Ẹ̀jẹ̀, Àjogúnbá àti Ẹ̀bi Àìrọ́mọbí

Ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin ni ayé máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi àìrọ́mọbí rù. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, tí ó sì ń hu irùngbọ̀n, wọn a ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn kò gbè wọ́n.

Ní 1935, ní Chicago, àwọn dókítà Stein àti Leventhal kọ̀wé nípa obìnrin 7 tí àpò omi wẹ́wẹ́ kún ilé ẹyin wọn. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé họ́mónù ti ọkùnrin a máa pọ̀ lára irú wọn.

Ilẹ̀ Yorùbá náà dá sí ìmọ̀ yìí. Ní òpin àwọn ọdún 1960, Dókítà Nylander ti Ìbàdàn rí i ní Igbó-Ọrà pé nǹkan bí 45 nínú ìbí 1,000 ni ti ìbejì. Ní 1973, ó fi hàn pé FSH, họ́mónù tí ń mú ẹyin dàgbà, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ìbejì. Lẹ́yìn 2010, àwọn onímọ̀ rí i lára àwọn aláwọ̀ funfun pé ẹ̀dà kan nínú jíìnì FSH wọ́pọ̀ lára ìyá ìbejì, èkejì sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí àìsàn Stein àti Leventhal ń ṣe.

Orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti pín. Ta ni yóò wá kí ọ̀kan kú oríire, tí yóò sì pe èkejì ní àjẹ́? Ìtọ́jú ni ó tọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń tipa rẹ̀ gbọ́mọ pọ̀n.