Ìjà Orí Yìnyín àti Àwọn Tó Ń Dá A Lẹ́jọ́

Bí agbábọ́ọ̀lù bá gbá ẹlòmíì lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lórí pápá, káàdì pupa ni, kò sì ní padà wọlé mọ́ lọ́jọ́ náà. Nínú NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tó lókìkí jù lọ láyé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1922 ni ìwé òfin wọn ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá ja ẹ̀ṣẹ́ yóò lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà yóò padà sínú eré. Bí àwọn méjì bá ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ tí wọ́n wọ̀yá ìjà, àwọn rẹfirí á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó di ìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú tàbí tó bá rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó là wọ́n. Wọ́n ka ìjà léèwọ̀, wọ́n sì dá owó pọ́ọ́kú lé èèwọ̀ náà.

Ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn kí wọ́n tó dá NHL sílẹ̀ ní Montreal lọ́dún 1917. Lóṣù kẹta ọdún 1907, wọ́n fi ọ̀pá họ́kì lu eléré kan, Owen McCourt, lórí nílùú Cornwall ní Kánádà, ó sì kú. Wọ́n gbé Charles Masson lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ba McCourt nínú ìjà yẹn ju ẹyọ kan lọ, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti Masson ló pa á. Wọ́n dá a sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín di ọ̀rọ̀ ẹbí tí wọ́n ń parí nínú ilé. Lóṣù Kejìlá ọdún 1933, Eddie Shore ti Boston kọlu Ace Bailey ti Toronto láti ẹ̀yìn. Agbárí Bailey fọ́, kò sì gbá họ́kì mọ́ láyé rẹ̀. Ìdíje 16 péré ni líìgì fi dá Shore dúró. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1934, wọ́n gbá eré kan láti kówó jọ fún Bailey, òun àti Shore bọ ara wọn lọ́wọ́ níṣojú èrò, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀ẹ̀kan tí líìgì fọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀, ìgboro dàrú. Lóṣù kẹta ọdún 1955, Maurice Richard, ààyò àwọn ará Quebec tó ń sọ èdè Faransé, lu eléré Boston kan, ó sì tún gbá ọ̀kan nínú àwọn rẹfirí lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ààrẹ líìgì, Clarence Campbell, ní kò gbọdọ̀ gbá eré mọ́ títí sáà náà fi parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Campbell fúnra rẹ̀ wá wòran ní Montreal. Wọ́n sọ ẹyin àti tòmátì lù ú, ẹnì kan ju tajútajú sáàárín èrò, wọ́n sì fọ́ ṣọ́ọ̀bù káàkiri títì.

Nígbà tó fi di àárín ọdún 1970 sí 1979, ìjà ti di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ikọ̀ ń gba ẹ̀ṣọ́, ìyẹn eléré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbèjà àwọn tó mọ góòlù jẹ. Dave Schultz ti Philadelphia lo ìṣẹ́jú 472 lórí àga ìjìyà ní sáà 1974 sí 1975, títí dòní kò tíì sẹ́ni tó bá a. Ikọ̀ rẹ̀ gba ife lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ta ló máa wá sọ fún wọn pé ìjà kì í ṣe ọ̀nà? Lóṣù karùn-ún ọdún 1987, Philadelphia àti Montreal ya bo ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nígbà tí rẹfirí kankan kò tíì dé orí yìnyín. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kúrò lórí bẹ́ǹṣì wá jà yóò pàdánù ìdíje mẹ́wàá. Ìyẹn ṣiṣẹ́.

Ilé ẹjọ́ máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Eléré kan, Dino Ciccarelli, lo ọjọ́ kan lẹ́wọ̀n lọ́dún 1988 nítorí ohun tó ṣe lórí yìnyín. Lọ́dún 2000, adájọ́ ní Vancouver dá Marty McSorley lẹ́bi pé ó fi ọ̀pá la Donald Brashear lórí, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀wọ̀n.

Vancouver náà ni èyí tó burú jù ti ṣẹlẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2004, Steve Moore ti Colorado fi èjìká gbá Markus Naslund, balógun ikọ̀ Vancouver. Rẹfirí kò fìyà jẹ ẹ́, líìgì náà kò rí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Àwọn eléré Vancouver sọ̀rọ̀ ẹ̀san ní gbangba létí oníròyìn. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù kẹta, Moore kọ́kọ́ bá Matt Cooke jà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ó ti san gbèsè rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Colorado ti fi góòlù mẹ́fà síwájú, Todd Bertuzzi ń tẹ̀ lé Moore, ó ń fà á láṣọ. Moore kò dá a lóhùn. Bertuzzi bá gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìn, ó sì wó lé e, ojú Moore kanlẹ̀. Egungun ọrùn mẹ́ta ló fọ́. Moore kò gbá họ́kì mọ́. Bertuzzi gbà pé òun jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ fún un ní àkókò ìṣọ́ ọdún kan àti iṣẹ́ ìlú wákàtí 80. Ọdún 2006, ó wà nínú ikọ̀ tí Kánádà kó lọ sí Òlíḿpíìkì. Ẹjọ́ owó gbà-má-bìínú tí Moore pè kò yanjú títí di ọdún 2014.

Ohun tí àwọn dókítà rí nínú ọpọlọ àwọn eléré ló wá dẹ́rù ba líìgì. Derek Boogaard, ẹ̀ṣọ́ gan-an ni, kú lọ́dún 2011 lẹ́ni ọdún 28, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ìlukúlù ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Líìgì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de gbígbá eléré lórí láti ẹ̀gbẹ́ lọ́dún 2010. Lọ́dún 2011 ni wọ́n dá ẹ̀ka ààbò eléré sílẹ̀, Brendan Shanahan ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, tó ń fi fídíò ṣàlàyé ìdí ìjìyà kọ̀ọ̀kan. Ìjà ti dín kù gan-an láti ìgbà náà. Ẹni tó gbójú gbóyà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe NHL. Líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Quebec ni: láti ọdún 2023, ẹni tó bá jà níbẹ̀, ìta ni wọ́n ń lé e sí. Ìjọba ló sì tì wọ́n débẹ̀.