Láti Ọ̀nà Àgbádárìgì dé Ojú Ìlà Àṣẹ Linux: Ìtàn Iṣẹ́ Tí A Rán

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí mọ̀ pé iṣẹ́ tí a rán ní orísun, ó ní ọ̀nà tí yóò gbà, ó sì ní ẹni tí yóò gbà á. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mẹ́hẹ, iṣẹ́ náà kò jẹ́. Àgbádárìgì jẹ́ ẹlẹ́rìí sí èyí.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1845, Henry Townsend, Samuel Àjàyí Crowther àti C. A. Gollmer, òjíṣẹ́ CMS, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Wọ́n dúró fún nǹkan bí oṣù méjìdínlógún kí ọ̀nà tó là. Ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta, níbi tí Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ tí ogun ẹrú yà á nípá láti 1821. Gollmer ló dúró sí Àgbádárìgì. Ní 1885, ó gbé àpilẹ̀kọ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àrokò, ìyẹn bí Yorùbá ṣe ń fi owó ẹyọ àti àwọn nǹkan mìíràn ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ní ọdún kejì sí ìgbà tí wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní 1886, kò sí ẹni tó lè rò pé kọ̀ǹpútà yóò máa kọ lẹ́tà. Ní 1971 ni Ray Tomlinson fi ímeèlì ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì ní Amẹ́ríkà, tó sì fi àmì @ ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ilé. Ní 1982, Jon Postel kọ ìlànà SMTP jáde. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀.

Lórí ọ̀pọ̀ server Linux, kò sí àwòrán tàbí bọ́tìnnì. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ yóò tẹ mail, àkọlé àti àdírẹ́sì, yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́. Sendmail tàbí Postfix ni yóò gbà á. Ìkíni ni yóò kọ́kọ́ ṣe fún server tó ń gbà á, ìyẹn HELO. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ẹni tó rán an àti ẹni tí a rán an sí. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, yóò fi lẹ́tà náà sórí ìlà, yóò máa gbìyànjú léraléra fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, kó tó dá a padà pẹ̀lú àlàyé. Bí ti Townsend ni: ọ̀nà tó dí kì í ṣe òpin ìrìn àjò.

Ṣùgbọ́n SMTP àtìbẹ̀rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi orúkọ ọlọ́lá sórí lẹ́tà rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì 419 lo àyè yìí, wọ́n sì ba orúkọ Nàìjíríà jẹ́ káàkiri ayé. Láyé àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń fá orí ìlàrí ló ń fi hàn pé ìránṣẹ́ Aláàfin ni. Ohun tí SPF àti DKIM ń ṣe lónìí nìyẹn: èkíní ń kéde àwọn server tó láṣẹ láti fi orúkọ kan ránṣẹ́, èkejì ń fi èdìdì dì í. Láti oṣù kejì 2024, Google àti Yahoo ti ń béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́.

Láti 1995 ni Nàìjíríà ti ní .ng. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun àjèjì láti rí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fi àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kọ lẹ́tà sí aráàlú. Báwo ni òbí ní Àgbádárìgì yóò ṣe mọ lẹ́tà òtítọ́ yàtọ̀ sí ti gbájúẹ̀? Linux kò gbowó, ìlànà náà kò pamọ́. Kí àwọn aláṣẹ wa ní server tiwọn, kí wọ́n sì fi àmì sí orí ìránṣẹ́ wọn, kí á lè mọ ẹni tó rán an níṣẹ́.