Ojú Tí Ń Ṣọ́ Iná: Ẹ̀rọ Dìjítà àti Ìdáàbòbò Ọ̀nà Iná ní Agbègbè Minna

A kì í gbé etí odò kí á máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń gbé Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí dáàmù Ṣíróró kò ti jìnnà, tí Kéńjì ti 1968 àti Jẹ́bà ti 1985 sì ń fi agbára Odò Ọya, Ọya obìnrin tí í ṣíwájú ọkọ lójú ìjà, yí ẹ̀rọ wọn tọ̀sán-tòru, tí Zungeru, ìlú tí wọ́n ti bí Nnamdi Azikiwe ní 1904, sì ti fi mẹ́gáwáàtì 700 tirẹ̀ kún 600 ti Ṣíróró, ẹni náà yóò ṣì máa rí òkùnkùn biribiri ní Bosso àti Kpakungu ní àwọn alẹ́ tí omi kún dáàmù dẹ́nu. Àwọn kan ní omi ni kò tó, àwọn mìíràn ní owó ni. Ní tèmi, ohun tí ó wọ́n wa jù lọ ni ojú tí í rí ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọwọ́ tí í bá ọwọ́ yòókù ṣe pọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 2024. Ẹ̀rọ kan bú gbàmù ní ibùdó iná Jẹ́bà, irú èyí tí a so mọ́ wáyà ńlá láti máa wọn iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó sì máa ròyìn fún àwọn ẹ̀rọ ìṣọ́. Kí a tó mọ̀, ọ̀nà iná Nàìjíríà ti wó lulẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta sì nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́jọ́ náà, ojú gan-an ni ó fọ́. Pé ẹ̀rọ lè bú kò yà mí lẹ́nu, nítorí ooru àti ogbó kì í mojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìjàǹbá inú ọgbà kan ṣoṣo di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìṣọ́ yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní relay, kò ṣòroó sọ. Láyé àtijọ́, abọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni í máa yí láàárín òòfà, bí iná bá sì pọ̀ jù, a yí títí yóò fi kan ohun tí í já bíréká. Ti dìjítà ń ka iná tí ń ṣàn àti agbára tí ń tì í lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń fi ọ̀kan pín èkejì, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí ibi tí wáyà ti kan ilẹ̀ ti jìnnà tó: bí ó bá wà láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọ̀nà tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, a já a lójú ẹsẹ̀, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a dúró fún ìwọ̀nba ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ̀rọ tí ó sún mọ́ ibẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Inú ìdúró yẹn ni gbogbo ọgbọ́n wà. Bí ó bá kúrú jù, ẹ̀rọ yóò já ọ̀nà tí kò ṣẹ̀. Bí ó bá gùn jù, tíráńsífọ́mà yóò jóná. Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹ̀rọ amúnáwá: iná wa ń lọ, ó sì ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójijì, iye náà a bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, àfi bí ẹ̀rọ mìíràn bá ní àjẹṣẹ́kù agbára tí ó lè fi dí i, tàbí kí a yára já àdúgbò kan kí ìyókù lè yè. Ẹni tí ó ń ṣépè ní Tunga pé wọ́n ti mú iná lọ kò mọ̀ pé nígbà mìíràn, jíjá náà ni ó gba ìlú rẹ̀ là.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1969 ni George Rockefeller ti kọ̀wé ní Amẹ́ríkà lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dáàbò bo ibùdó iná. Ní 1988, Arun Phadke àti James Thorp gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Virginia Tech, tí ó ń fi aago sátẹ́láìtì wọn iná ní ibi púpọ̀ ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́. Síbẹ̀ kí a má sọ ẹ̀rọ di òrìṣà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2003, nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn wọ òkùnkùn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà tí ó yẹ kí ó ké gbàjarè ní yàrá ìṣàkóso kan ní Ohio ti dákẹ́ fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ kò sì fura.

Ẹlòmíràn yóò ní àwọn jàǹdùkú ni ìṣòro wa. Kò parọ́: wọ́n ba ọ̀nà Ṣíróró sí Kàdúná jẹ́ ní 2024, nígbà tí ọ̀nà Ugwuaji sí Apir náà sì já ní oṣù kẹwàá, Àríwá sùn sínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Relay kì í mú olè. Ṣùgbọ́n ó lè sọ kìlómítà tí wáyà ti já fún àwọn aláàtúnṣe, kí wọ́n má baà máa wá a kiri nínú igbó tí sọ́jà pàápàá ń fi ìṣọ́ra wọ̀.

Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣàkóso ọ̀nà iná orílẹ̀-èdè, Ṣíróró sì ni igbákejì rẹ̀ wà. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 486 dọ́là ní 2018 fún ọ̀nà iná náà, ìṣàkóso láti òkèèrè sì wà lára ohun tí owó náà wà fún. Ohun tí mo rò pé owó nìkan kò lè rà ni ìtúnṣírò. Nígbà tí Zungeru bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye iná tí í ya lọ bí wáyà bá kan ilẹ̀ yí padà ní gbogbo ibùdó tí ó wà nítòsí rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n tí a fi sínú relay kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ di ohun tí a gbọ́dọ̀ tún yẹ̀ wò. Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè láti ní ètò iná tirẹ̀. Bí Niger bá lo àyè náà, ibi tí ọ̀nà ìpínlẹ̀ ti pàdé ọ̀nà orílẹ̀-èdè ni àìgbọ́ra-ẹni-yé àwọn ẹ̀rọ yóò ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Minna ní 1983 ni mo rò pé ó yẹ kí a gbé ìṣirò ibi ìpàdé yẹn lé lọ́wọ́, kí ó máa tún un ṣe nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ tàbí wáyà tuntun bá wọlé, kí ìwọ̀n tuntun sì ti dé Ṣíróró kí a tó tan iná sínú wáyà náà.