Ìjókòó Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Aago márùn-ún ìdájí, oṣù Keje, Peckham. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń múra Èkó. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, kò lè ká ẹsẹ̀ kó pẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi sanwó kún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti economy bọ́ sí business. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà gbowó, wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ránṣẹ́. Orí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun yìí ni gbogbo ẹjọ́ dúró lé.

Aago méje ààbọ̀, Heathrow. Wọ́n fún un ní káàdì ìwọkọ̀: 3A. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹnu géètì. Wọ́n fi káàdì kan ẹ̀rọ, iná pupa tàn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, Yorùbá ni, rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀, ìjókòó iwájú èyí tó wá kéré." Ó tẹ káàdì mìíràn jáde: 38E, àárín èrò méjì. Ó tún na fáúṣà £150 sí i, kó buwọ́ lù ú.

"Ọmọ mi, mi ò ní buwọ́ lu nǹkan kan. Ṣáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbé mi kúrò níwájú."

Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì àkọ́kọ́, ó fi déètì sí i. Ọlọ́run á bùkún ọmọ náà. Kì í ṣe òun ló pààrọ̀ ọkọ̀.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n gbéra. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wà lófuurufú ni mo jókòó ti òfin ní Ìkẹjà. Òfin 261 tí Ìparapọ̀ Yúróòpù ṣe lọ́dún 2004 ni. Bìrìtéènì kò jù ú nù nígbà tó jáde. Ó de gbogbo ọkọ̀ tó bá gbéra níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ti Nàìjíríà. Bí wọ́n bá fi èrò sí ìpele tó rẹlẹ̀ ju èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó padà láàárín ọjọ́ 7: ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún bí ọ̀nà kò bá ju kìlómítà 1,500 lọ; ìdá 75 fún irú London sí Èkó, tó jẹ́ nǹkan bí 5,000. Ká ní wọ́n kàn fi ìjókòó iwájú ta á lọ́rẹ ni, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ì bá ṣì jẹ́ economy, òfin yìí kì bá gbà á.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n balẹ̀. Ó tiro jáde, orúnkún ti wú. Inú bí mi gidigidi.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, a kọ lẹ́tà. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg sọ pé owó ìrìn-àjò tí wọ́n ti já èrò sílẹ̀ nìkan ni wọn yóò fi ṣírò, kì í ṣe gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì yọ owó orí tí kò bá yàtọ̀ láti ìpele sí ìpele. Owó orí tí ìjọba Bìrìtéènì ń gbà lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ òfuurufú yàtọ̀, ti business ju ti economy lọ, nítorí náà mi ò yọ ìyẹn. Àlọ rẹ̀ jẹ́ £1,200. A béèrè £900, sí báńkì. Fáúṣà kò tó fún wọn láti fi san án, àfi bí èrò bá fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, ọdún 6 ni òfin England fún un láti gbé wọn lọ sí kóòtù.