Láti Òkè-Àdó dé Yunifásítì: Bí Ìmọ̀ràn Ṣe Di Iṣẹ́ Tí À Ń Kọ́

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ní agboolé Ọ̀rányàn, ọ̀dọ̀ baálé tàbí ìyá àgbà lọmọ ti ń bèèrè ọ̀nà. Wọ́n mọ ìran ọmọ, wọ́n sì mọ ohun tójú ilé rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ tá a sọ ní yàrá ìyá àgbà láàárọ̀ lè dé Bẹẹrẹ kó tó di ọ̀sán.

Nígbà tí ilé ìwé pọ̀ sí i, ìbéèrè tuntun dé: iṣẹ́ wo lọmọ tó kàwé máa ṣe? Lọ́dún 1959, àwọn sístà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, pe nǹkan bí ogún èèyàn tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún ìkẹyìn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nínú àwọn 60, 54 ló ríṣẹ́ lẹ́yìn ìdánwò. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn làwọn àlejò yẹn wá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ ẹkún ọmọ tí ìdánwò já kulẹ̀? Lọ́dún 1976, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn Nàìjíríà, CASSON, sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 1977, Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ní kí agbaninímọ̀ràn wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì gbà pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà kò pọ̀, pé ó yẹ kí ìjọba máa kọ́ àwọn olùkọ́ tó bá fẹ́ ẹ.

Lónìí, èèyàn lè gboyè kejì nínú iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ń kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá àti bí a ṣe ń tẹ́tí láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n ń lọ fi ohun tí wọ́n kọ́ dánra wò lójú olùkọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì gbà pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn agbaninímọ̀ràn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ làwọn ọmọbìnrin Òkè-Àdó ṣe. Ọ̀nà ni wọ́n bèèrè. Ìyá àgbà ò ní bínú bí àwa náà bá bèèrè níbòmíràn.